Ará Ìlú Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀ṣọ́: Ìtàn Ìṣọ́ àti Iṣẹ́ Ọlọ́pàá ní Èjìgbò àti Agbègbè Rẹ̀

Kí ará ìlú kan tí kì í ṣe ọlọ́pàá, tí kò jẹ́jọ́, tí kò sì pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, jókòó sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀gànjọ́, kí ó máa wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, àṣà tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba ni. Ẹni tó bá fẹ́ lọ yóò gba fọ́ọ̀mù ní àgọ́ ọlọ́pàá, yóò fọwọ́ sí i pé bí ìjàǹbá bá ṣe òun lójú ọ̀nà, òun fara mọ́ ọn. Wọn yóò yẹ orúkọ rẹ̀ wò bóyá ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, kí wọ́n tó dá ọjọ́ àti wákàtí fún un. Irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, kí ará ìlú máa bá ẹ̀ṣọ́ rìn kì í ṣe nǹkan tuntun ní Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó ti wà kí òyìnbó tó dé, ó wà lábẹ́ òyìnbó, ó sì wà títí di òní. Ipò tí ará ìlú wà nínú ìrìn náà ló ń yí padà. Nígbà kan, òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́. Nígbà tó yá, ó di atọ́nà. Lóde òní, olùpẹ̀jọ́ tó ń ra epo sọ́kọ̀ ló sábà máa ń jẹ́.

Èjìgbò wà láàárín Òṣogbo àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìtàn ìlú sọ pé Akínjọlé tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá ló tẹ̀ ẹ́ dó, ọba tó sì ń jẹ níbẹ̀ ni Ògìyán, tí àwọn mìíràn ń pè ní Eléjìgbò. Ọba Omowonuola Oyesosin gorí oyè ní 1974. Ìlú àti abúlé bíi Ifẹ̀-Ọ̀dàn, Màsífà, Ìlawó àti Ìṣúndúnrin wà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ ilẹ̀ náà látilẹ̀wá, oko sì jìnnà sílé. Bó ṣe rí níbi gbogbo tí àwọn èèyàn ti ń fi ilé sílẹ̀ lọ sóko fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣọ́ ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ní ayé àtijọ́, ọwọ́ tó ń ṣọ́ ìlú Yorùbá ju ẹyọ kan lọ. Oníbodè ń jókòó sẹ́nu ibodè, ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò, ó sì ń wo ojú ẹni tó ń wọlé. Àwọn ọdẹ ló ni òru. Wọ́n mọ igbó, wọ́n mọ ipa ẹsẹ̀, ìbọn sì wà lọ́wọ́ wọn. Nínú agbo ilé, baálé ló ń dáhùn fún ọmọ ilé rẹ̀: bí ọmọ bá jalè, baálé ni wọn yóò kọ́kọ́ kàn sí. Aáfin ní àwọn ìránṣẹ́ àti ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, àwọn tí ọba lè rán láti mú ẹni tó bá ṣẹ̀. Nínú gbogbo ètò yìí, kò sí ibi tí a ti lè fi ìlà pààlà pé apá ìhín ni ẹ̀ṣọ́, apá ọ̀hún ni ará ìlú. Ọdẹ tó ń ṣọ́ òru ni àgbẹ̀ tó ń lọ sóko láàárọ̀. Aládùúgbò rẹ̀ ni afurasí, àna rẹ̀ ni olùpẹ̀jọ́.

Síbẹ̀, ìtàn tó gbajúmọ̀ jù nípa ẹ̀ṣọ́ ní Èjìgbò kì í ṣe ìtàn ìyìn. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó pẹ́ láàárín àwọn babaláwo, kọ ọ́ sílẹ̀ nínú àwọn ìwé rẹ̀ lórí òrìṣà. Babaláwo kan tó ń jẹ́ Awoléjẹ́ jẹ́ ọ̀rẹ́ Ògìyán láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ló kọ́ ọba ní ohun tí yóò ṣe kí abúlé rẹ̀ lè di ìlú ńlá. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó máa fi padà dé, ìlú ti gbilẹ̀, aáfin ti ní ẹnu-ọ̀nà, ẹnu-ọ̀nà ti ní ẹ̀ṣọ́. Babaláwo béèrè ọba bí èèyàn ṣe ń béèrè ọ̀rẹ́, ó fi ìfẹ́ tí ọba ní sí iyán pè é lórúkọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní àfojúdi nìyẹn. Wọ́n lù ú, wọ́n sọ ọ́ sí túbú, ọba kò sì gbọ́ nǹkan kan. Inú bí babaláwo, ó fi awo rẹ̀ dè wọ́n: òjò kò rọ̀, àwọn obìnrin kò rí ọmọ bí, ẹṣin ọba kò rí koríko jẹ. Ìgbà tí ọba dá Ifá ló tó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ló wà ní túbú òun. Wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, nígbà ọdún òrìṣà, kí àwọn ará Èjìgbò máa fi pàṣán na ara wọn. Títí di òní, ìjà pàṣán láàárín apá Ìsàlẹ̀ Oṣolo àti apá Òkè Màpó jẹ́ ara ohun tí wọ́n fi ń mọ ọdún Òrìṣà Ògìyán.

Ìtàn òrìṣà ni, kò sì yẹ kí a kà á bí ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pa á lẹ́nu mọ bí agbára ẹ̀ṣọ́ ṣe ń bàjẹ́. Àwọn tó lu àlejò náà gbàgbọ́ pé iyì ọba làwọn ń gbèjà. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó lè ní, ẹ dúró ná. Òfin ìtanràn tó sì jáde kò mú ẹ̀ṣọ́ kankan: gbogbo ìlú ló ń jẹ pàṣán.

Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, ogun àti ìsáǹsá dé gbogbo apá yìí. Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, láti ìgbà náà ni àwọn ìlú Ọ̀ṣun, Èjìgbò pẹ̀lú, bọ́ sábẹ́ Ìbàdàn. Ìbàdàn ń rán ajẹ́lẹ̀ sí ìlú abẹ́ rẹ̀ láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ àti láti máa wo ohun tó ń lọ. Ajẹ́lẹ̀ kì í dá nìkan wá: àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń jẹ, wọ́n ń mu lọ́wọ́ ìlú tí wọ́n wà. Ìwà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn wọn ń hù ní ilẹ̀ Èkìtì wà lára ohun tó tanná ran ogun Kírìjì, tí wọ́n jà láti 1877. Báyìí ni àwọn ará ìlú ní apá yìí ṣe rí ẹ̀ṣọ́ tí kì í ṣe ọmọ ìlú, tí wọ́n ń bọ́, tí wọn kò sì lè pè lẹ́jọ́ síwájú ọba tiwọn. Àjèjì tó ní agbára láàárín ìlú yìí tún padà dé lẹ́yìn náà nínú aṣọ mìíràn.

Aṣọ mìíràn náà ni ti òyìnbó. Ní Èkó, wọ́n ti ní ọlọ́pàá láti 1861, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà. Àwọn ọmọ ogun Háúsá ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, nítorí ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlú, tí kò ní ẹbí níbẹ̀, kò ní ṣojúsàájú fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1893, àwọn olóyè Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Èkó. Captain Robert Bower di aṣojú ìjọba ní Ìbàdàn, àwọn Háúsá rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 1895, Bower yìnbọn àgbá sí Ọ̀yọ́. Ìròyìn irú nǹkan báyìí kì í pẹ́ dé àwọn ìlú kéékèèké.

Ṣùgbọ́n òyìnbó kò ní owó tó tó láti fi sọ́jà sí gbogbo ìlú. Lábẹ́ ètò ìjọba ìbílẹ̀ tí Gómìnà Àgbà Lugard gbé wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1916, ọba àti olóyè ló ń ṣe kóòtù ìbílẹ̀, wọ́n sì fún wọn láyè láti ní àwọn tí yóò máa mú àṣẹ wọn ṣẹ. Àwọn wọ̀nyí ni akódà àti, nígbà tó yá, ọlọ́pàá ìbílẹ̀. Akódà ló ń mú ìwé ìpè kóòtù lọ sí abúlé, òun ló ń lọ mú ẹni tó kọ̀ láti wá. Lẹ́yìn tí owó orí wọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà ní 1918, òun náà ló ń tẹ̀ lé agbowó-orí. Àwọn èèyàn kò gba gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ní oṣù kẹwàá 1916, Ìsẹ́yìn àti Òkèihò dìde sí ìjọba tuntun yìí. Wọ́n kọlu kóòtù, wọ́n sì pa lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún un.

Akódà mọ gbogbo èèyàn. Agbára iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àléébù rẹ̀. Bó bá dé abúlé kan lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn pẹ̀lú ìwé ìpè, kò ní béèrè ilé ẹni tó ń wá. Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà sí, yóò jókòó, yóò mumi, yóò sọ ohun tó bá wá. Baálẹ̀ yóò rán ọmọ kan lọ pe ẹni náà, àwọn àgbà abúlé yóò sì wà níkàlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn ará òkè òkun wá ń fi fọ́ọ̀mù wá lónìí, ìyẹn pé kí ojú ẹlòmíràn wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá ń mú èèyàn, wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ètò yẹn. Àmọ́ ẹni tó mọ gbogbo èèyàn mọ ẹni tí yóò gbà lówó, ó mọ ọ̀tá ọba, ó sì mọ ọmọ ẹni tí wọn kì í fọwọ́ kàn. Ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kò fi akódà àti kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀ títí tí ètò náà fi parí.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1930, wọ́n da àwọn ọlọ́pàá ìjọba ti Gúúsù àti Àríwá pọ̀ di Nigeria Police Force, olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Èkó. Èyí kò yí nǹkan púpọ̀ padà ní àwọn ìlú bíi Èjìgbò ní kíá, nítorí ọlọ́pàá ìjọba pọ̀ sí ìlú ńlá, ibùdókọ̀ ojú irin àti ibi tí òyìnbó ń gbé. Reluwé kò gba Èjìgbò kọjá. Ìwó, Ẹdẹ àti Òṣogbo ló gbà, ó dé Òṣogbo ní 1907. Ìlú wọ̀nyẹn di ibi tí àjèjì ń rọ́ sí, olè sì mọ ọ̀nà ibi tí owó wà. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣàkóso Èjìgbò àti àwọn ìlú Ọ̀ṣun yòókù nígbà náà, kí wọ́n tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ní Ìbàdàn, láti àwọn ọdún 1930, ìjọba ìbílẹ̀ ti ń fi orúkọ ọdẹ aṣọ́de sílẹ̀, wọ́n sì ń bá àwọn olóyè àdúgbò jiyàn lórí ta ni yóò sanwó wọn.

Bí iṣẹ́ ọdẹ òru ṣe rí kò yàtọ̀ púpọ̀ láti ìlú kan sí èkejì. Lẹ́yìn tí ọjà alẹ́ bá tú, ọdẹ yóò jáde pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà, àtùpà tàbí tọ́ọ̀ṣì, àti fèrè. Yóò máa fọn fèrè láti oríta kan sí èkejì kí àwọn tó wà nínú ilé lè mọ̀ pé ó jí. Bó bá rí ẹni tó ń bọ̀, ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe "Kí ni orúkọ rẹ?" Ohun tí yóò bi í ni "Ọmọ ilé ta ni ọ́?" Ẹni tó bá dárúkọ agbo ilé kan, ọdẹ lè sìn ín débẹ̀, kí ó kan ilẹ̀kùn, kí ó bi baálé bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò rí agbo ilé dárúkọ, ọ̀dọ̀ olóyè àdúgbò ni yóò sùn mọ́jú. Ètò yìí ṣiṣẹ́ dáadáa fún onílé. Fún àjèjì tó dé lálẹ́, tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà, ó lè burú.

Àwọn ọmọ Èjìgbò fúnra wọn mọ bó ṣe rí láti jẹ́ àjèjì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni wọ́n ti ń lọ ṣòwò ní Gold Coast, tó di Gánà lẹ́yìn náà, àti Côte d'Ivoire, wọ́n sì pọ̀ ní Abidjan débi pé Faransé di èdè tí èèyàn ń gbọ́ lọ́jà Èjìgbò. Ní oṣù kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Gánà ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ló kó ẹrù sílẹ̀ wálé. Bọ́ọ̀sì tó ń ti Èjìgbò lọ sí Abidjan ń gba Benin, Tógò àti Gánà kọjá kí ó tó dé. Ará Èjìgbò tó bá wà nínú rẹ̀ yóò bá ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè márùn-ún pàdé. Ìwé àdéhùn ECOWAS ti 1979 sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ náà lè wọ ìlú ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, síbẹ̀ àwọn èrò máa ń tọ́jú owó kéékèèké sápò nítorí ibi àyẹ̀wò. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ọlọ́pàá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ṣe ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìwé ìjọba ló yẹ kó kọ́kọ́ kà. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì yìí ló yẹ kó bi.

Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn àti ní Àríwá; Ìlà Oòrùn kò ní. Ìjọba ìbílẹ̀ sì ti bọ́ sọ́wọ́ olóṣèlú. Nínú ìjà àárín Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group) àti ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, pàápàá lẹ́yìn ìbò 1965, tí wọ́n ń fi epo bẹntiróòlù jó ilé àti èèyàn, ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ ni pé ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ń mú alátakò, wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba lọ. Lẹ́yìn tí ológun gba ìjọba ní oṣù kìíní 1966, Aguiyi-Ironsi tó di olórí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Yusuf Gobir láti wo ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ẹ̀wọ̀n ìbílẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n mú wá ni pé kí wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti ìjọba àpapọ̀, nígbà tí àwọn ọdún 1970 sì fi bẹ̀rẹ̀, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ìwé òfin 1979 àti ti 1999 sì ti ilẹ̀kùn náà pa: ẹ̀ka 214 nínú ti 1999 sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà yóò ní.

Láàárín ìgbà náà ni ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ṣẹlẹ̀, láti 1968 sí 1969. Owó orí ló fà á, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gbà á ló mú un gbóná: agbowó-orí pẹ̀lú ọlọ́pàá á ya wọ abúlé láàárọ̀ kùtù, wọn á lé àwọn àgbẹ̀ wọ igbó. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí Èjìgbò, wọ́n pa Ṣọ̀ún, ọba ìlú náà, nínú rògbòdìyàn náà ní 1969.

Ìparẹ́ ọlọ́pàá ìbílẹ̀ wo àìsàn kan sàn, ó sì fa òmíràn. Ọba tàbí káńsílọ̀ kò ní ọlọ́pàá tó lè fi dẹrù ba alátakò mọ́. Àmọ́ láti ìgbà náà ni ọ̀gá téṣàn ti lè jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn tí kò gbọ́ Yorùbá, tí wọ́n á sì gbé lọ síbòmíràn kí ó tó mọ ọ̀nà Ìlawó yàtọ̀ sí ti Màsífà. Ẹni tí kò mọ ilé gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò fi ilé hàn án. Ibẹ̀ ni ará ìlú ti tún padà wọ inú ọkọ̀.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹnì kan lọ fẹjọ́ sùn ní téṣàn pé wọ́n jí ọ̀kadà òun. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní kàńtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí pé béèlì kò gba owó. Ó sọ ibi tí ó fura pé ọ̀kadà náà wà. Ọkọ̀ téṣàn wà, ṣùgbọ́n kò sí epo, olùpẹ̀jọ́ ni yóò ra epo náà. Human Rights Watch kọ ọ́ sínú ìròyìn tó gbé jáde ní 2010 nípa ọlọ́pàá Nàìjíríà pé olùpẹ̀jọ́ ń sanwó ohun gbogbo, láti orí tákàdá tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ títí dé orí epo tí wọ́n fi ń lọ mú afurasí. Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ láàárín ọlọ́pàá méjì. Ó ń júwe: ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ rọra, ilé tó ní páànù pupa yẹn ni. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, gbogbo àdúgbò jáde, òun sì ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ará Amẹ́ríkà tó bá ọlọ́pàá jáde yóò lọ sílé rẹ̀ ní òpin alẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó má tún rí ẹni tí wọ́n mú mọ́ láyé. Ará Èjìgbò tó nàka sí ilé aládùúgbò rẹ̀ yóò bá a pàdé lọ́jà lọ́la, ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tùnla. Ẹni tó sì ra epo kì í ṣe olùwòran tí ọ̀ràn kò kàn: ó ti ní ìpín nínú ohun tí wọ́n bá ṣe. Nínú gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìrìn tibí àti ìrìn tọ̀hún, èyí ló burú jù.

Ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìdigunjalè gbilẹ̀ káàkiri, ọlọ́pàá fúnra wọn wá gbà pé àwọn nìkan kò tó. Ìgbà Etim Inyang, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, ni wọ́n dá PCRC sílẹ̀, ìgbìmọ̀ tí ọlọ́pàá àti ará ìlú jọ ń ṣe. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọdẹ aṣọ́de ní fìjìlanté, tí wọ́n ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní téṣàn. Orúkọ ló yí padà. Iṣẹ́ náà kò yí. Ẹgbẹ́ onílé ní ọ̀pọ̀ ìlú ń dá owó oṣooṣù jọ fún ọdẹ, tàbí kí wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan yọ ọkùnrin kan síta lóru. Ẹgbẹ́ OPC (Oodua People's Congress) tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994 náà kó sínú iṣẹ́ ìṣọ́ òru. Nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, àwọn kan pa èèyàn tí kóòtù kò dá lẹ́jọ́, ìyẹn sì fi hàn pé jíjẹ́ ọmọ ìlú nìkan kò sọ ẹ̀ṣọ́ di ẹni rere.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2020, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà Yorùbá ṣí Àmọ̀tẹ́kùn, ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ tiwọn, ní Ìbàdàn. Mínísítà ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ ní kò bófin mu. Lẹ́yìn ìpàdé pẹ̀lú àwọn gómìnà, wọ́n fẹnu kò pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣòfin tirẹ̀, Ọ̀ṣun náà sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà lábẹ́ Gómìnà Gboyega Oyetola. Ọdẹ pọ̀ nínú àwọn tó wọ iṣẹ́ náà, èyí tó mú kí àwọn tó mọ igbó tún wọ aṣọ ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣe ọlọ́pàá lójú òfin.

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, ibòmíràn láyé ti sọ wíwo ọlọ́pàá di ìmọ̀ tí wọ́n ń kọ́. Ní ìgbà ooru 1966, Albert Reiss, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, fi olùwòye 36 ránṣẹ́ bá àwọn ọlọ́pàá jáde ní Boston, Chicago àti Washington. Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn, wọ́n bá wọn rìn, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ohun kan tí wọ́n rí ni pé ó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ lára ìgbà tí ọlọ́pàá bá ará ìlú pàdé tó jẹ́ pé ará ìlú ló pè wọ́n. Wọ́n tún rí àwọn tó ń lu èèyàn àti àwọn tó ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, lójú olùwòye náà. Ìyẹn yani lẹ́nu, ó sì kọ́ni pé kí wọ́n máa woni kò tó láti mú gbogbo èèyàn ṣe dáadáa. Ní 1999, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fi ààlà sí ìrìn yìí nínú ẹjọ́ Wilson àti Layne. Ọlọ́pàá ti mú oníròyìn àti ayàwòrán wọ ilé tọkọtaya kan ní Maryland láàárọ̀ kùtù, nígbà tí wọ́n ń wá ọmọ wọn tí kò sí níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe nínú ìwé àṣẹ kóòtù kò gbọ́dọ̀ bá ọlọ́pàá wọ ilé onílé. Ní Ìlú Ọba, lẹ́yìn rògbòdìyàn Brixton ní 1981, Lord Scarman dá a lábàá pé kí ará ìlú lè yọjú sí àtìmọ́lé láìròtẹ́lẹ̀; òfin 2002 sọ ọ́ di dandan.

Nàìjíríà ti gbìyànjú irú èyí díẹ̀díẹ̀. Ní 2006, CLEEN Foundation, àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ọ̀sẹ̀ tí ará ìlú ń lọ wo àgọ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n sì ń fi máàkì sí ohun tí wọ́n rí: bí wọ́n ṣe gbà wọ́n, bí àtìmọ́lé ṣe rí. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ ní 2015 sọ pé kí májísíréètì máa ṣàbẹ̀wò sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó sì fàyè gbà á pé kí agbẹjọ́rò tàbí ẹni tí afurasí bá yàn wà níkàlẹ̀ nígbà tó bá ń sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí ìwọ́de EndSARS gba gbogbo orílẹ̀-èdè ní oṣù kẹwàá 2020, ìjọba tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, ká ní ọjọ́ 11 oṣù náà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, Ọ̀ṣun pẹ̀lú, gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, tí àwọn ọ̀dọ́ àti ẹgbẹ́ ará ìlú ní aṣojú nínú rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹ̀rí nípa ohun tó ti kọjá. Wọn kò jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀.

Òfin Ọlọ́pàá tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹsàn-án 2020, tó rọ́pò ti 1943, ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù. Ó sọ pé kí kọmíṣánnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ tí aṣojú ará ìlú wà nínú rẹ̀ kalẹ̀ láti máa bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ pọ̀. Kò sọ pé kí ará ìlú bá wọn jáde, kò sì ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Èjìgbò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò ní fi ọwọ́ òfo bẹ̀rẹ̀: ọdẹ wà, Àmọ̀tẹ́kùn wà, baálẹ̀ tí akódà máa ń kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ṣì wà ní abúlé gbogbo. Ìlànà tó yẹ kó wà kò pọ̀: kí ẹni tó ń wò má jẹ́ ẹni tó pẹjọ́, kí ó má ra epo, kí ó má wọ ilé onílé, kí ó sì ní ibi tí yóò mú ohun tó rí lọ. Bí èyí kò bá sí, ará ìlú tó bá wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá yóò ṣì máa jẹ́ ọ̀kan nínú méjì: ẹni tí wọ́n mú, tàbí ẹni tó sanwó kí wọ́n lè lọ mú un.